Pùrósẹ́sọ̀ Kan Wà ní Alakia

Mùsílímátù kì í mu omi tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó bù ú. Bí ó bá fẹ́ fi gààrí rẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ kó lọ kírun, yóò fi ìka fa ìlà sórí rẹ̀, ìlà tí òun nìkan mọ bó ṣe rí, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Mo ti ń bá a yan gààrí lábẹ́ òrùlé páànù kan náà láti ìgbà tí Praise ọmọ mi ti wà lẹ́yìn mi. Praise yẹn ti ń pọn ọmọ tirẹ̀ báyìí, síbẹ̀ Mùsílímátù ṣì ń fa ìlà náà. Èmi ò bínú sí i. Ìfura loògùn àgbà, èmi gan-an kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ kí n tó rí i.

Ibi tó ti kọ́ ọ kò jìnnà. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Abà Ọládòṣù wa yìí, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Olódò, bàbá rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹfun kun yàrá kan. Ìyá rẹ̀ ló bá a po ẹfun náà. Obìnrin yìí rò pé àlejò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni, ó bá a gbá yàrá, ó tún bá a tẹ́ ẹní. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ìyàwó tuntun wọlé, orí ẹní tí ìyá Mùsílímátù tẹ́ ló sì sùn. Mùsílímátù ti sọ ìtàn yìí fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní kì í ṣe orogún ló dun ìyá òun jù, ẹní yẹn ni.

Lateef ni ọkọ rẹ̀. Oríta Adegbayi ló ti ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tí àwọn onílẹ̀ sì ti ń tẹ àdéhùn wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, Zubaidah, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Àwọn ẹbí Lateef ti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ kan ṣoṣo yẹn títí ó fi sú wọn. Lateef kò dá wọn lóhùn rí. Àwọn kan ń yìn ín fún ìyẹn, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ẹni tí kò fèsì, a kì í mọ ohun tó ń rò.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá láti ìgboro Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ kọ́ wa bí a ó ṣe máa ṣe gààrí tí ilẹ̀ òkèèrè yóò máa rà. Obìnrin tó ṣáájú wọn kò bọ́ gíláàsì dúdú ojú rẹ̀ títí tó fi lọ. Ó ní ká má pe ara wa ní ayangààrí mọ́, pùrósẹ́sọ̀ ni wá. Ó ní ká pè é tẹ̀lé òun, a sì pè é tẹ̀lé e bí ọmọ ilé kéú. Wọ́n fún wa ní fìlà funfun, wọ́n bá tiwọn lọ. Ilẹ̀ òkèèrè ò tíì ra ẹ̀kún ife kan lọ́wọ́ wa títí di òní, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò lọ. Láti Olódò títí dé Egbeda, bí ẹ bá gbọ́ pùrósẹ́sọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, obìnrin tó ń yan gààrí ló ń sọ. A ní ẹgbẹ́ pùrósẹ́sọ̀, a sì ní alága pùrósẹ́sọ̀. Bí ọkùnrin kan bá ń wá ìyàwó tí kì í ṣe ọ̀lẹ, àwọn àgbà á ní kó lọ fẹ́ pùrósẹ́sọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Mùsílímátù dé ibi iṣẹ́, kò dáná. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wo agbada òfìfo.

"Ìyá Praise," ó ní, "Bàbá Zubaidah fẹ́ fẹ́ ìyàwó."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹnu ara wọn ni mo ti gbọ́ ọ."

Ó ní lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, òun lọ ṣa igi ní ẹ̀yìnkùlé, òun sì gbọ́ ohùn Lateef lẹ́yìn tánkì omi. Elijah ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Elijah yìí, ọmọ ìjọ Kérúbù ni, Alakia ló ń gbé, kọ̀ǹpútà àti fóònù tó bàjẹ́ ló ń tún ṣe. Òun àti Lateef ti ń ṣọ̀rẹ́ tipẹ́.

"Wọ́n ní pùrósẹ́sọ̀ tí àwọn ń lò yìí ti gbó," Mùsílímátù ní. "Wọ́n ní bí àwọn bá ní kó ṣe nǹkan méjì pọ̀, ṣe ni yóò máa gbóná, tí yóò sì máa pariwo."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, torí Mùsílímátù a máa pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba ẹ̀rín.

"Wọ́n ní méjì ni àwọn ń wò. Ọ̀kan wà ní Alakia, tuntun ni, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Èkejì wà ní Adegbayi, ó ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan rí. Wọ́n ní ó ṣì lágbára, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí níbẹ̀. Ti Alakia ni ọkàn wọn fà sí. Wọ́n ní jíjẹ rẹ̀ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́fà."

"Jíjẹ rẹ̀ kéré?"

"Wọ́n ti ń ṣọ́ àwo mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n wá bi Elijah pé ṣé yóò bá ìyálé mu. Mi ò gbọ́ ohun tí Elijah fọ̀. Wọ́n ní, 'Tí kò bá bá ìyálé mu, àá kúkú pààrọ̀ ìyálé náà.'"

Mo ti rí ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, ó pọ̀ ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí yóò pààrọ̀ ìyálé nítorí pé kò bá ìyàwó tuntun mu, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo sọ fún un pé kó lọ bi ọkọ rẹ̀ ní tààrà.

"Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á parọ́ fún mi, mo sì máa fẹ́ gbà á gbọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n fojú rí i ná."

Ojú rẹ̀ kò pẹ́ rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Lateef kó àwọn àpò ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kúrò nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀. Ó gbá a. Ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ó pe oníná kó wá fa wáyà sí i, ó sì gbé àga kan dé, àga onítìmùtìmù tó ń yí, irú èyí tí kò sí ní pálọ̀ wọn. Mùsílímátù bi í bóyá àlejò ń bọ̀. Ó ní nǹkan iṣẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì ń sá fún ti ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí Mùsílímátù bá òun fi kọ́tìnì sójú fèrèsé yàrá náà.

Ẹ rí nǹkan. Yàrá tí wọ́n kùn ní funfun, kí ìyàwó ilé tún wá bá a ta kọ́tìnì sí i. Mùsílímátù ní apá ń dun òun. Kì í ṣe irọ́, apá náà ń dùn ún. Apá ọ̀tún ni, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá, nítorí awẹ́ igbá tí a fi ń ro gààrí nínú agbada. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ ọ́ nílé. Lateef ní "pẹ̀lẹ́," ó sì gun àga fúnra rẹ̀, ó ta kọ́tìnì rẹ̀.

Ó wá ku ká mọ ẹni tó wà ní Alakia. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Egbeda, alága ń sọ̀rọ̀ níwájú, ojú èmi àti Mùsílímátù wà lẹ́yìn. Pùrósẹ́sọ̀ mélòó kan ló wà ní Alakia, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ọmọge nínú wọn, Muhsinah, tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ga, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo wo ọwọ́ náà dáadáa. Méjì ni, ṣùgbọ́n mo rí bí ọkùnrin ṣe lè pè é ní mẹ́fà.

Nígbà tí ìpàdé tú, Muhsinah wá kúnlẹ̀ níwájú wa. "Ìyálé mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ó wí fún Mùsílímátù.

Báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń kí àwọn tó ṣáájú wọn lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ ọ̀rọ̀.

"Ìyálé ta ni?" Mùsílímátù bi í.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ìyálé gbogbo wa ni. Ẹ bá mi kí bàbá o. Wọ́n bá mi tẹ ìwé kan, wọn ò tiẹ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi." Ó mú ilá jáde látinú àpò rẹ̀, ilá tútù tó rẹwà, ó nà án sí i.

"Èmi kì í jẹ ilá."

Ilá ni Mùsílímátù jẹ dàgbà. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà kó má bàa ti í lójú, mo sì fi se ọbẹ̀ nígbà tí mo délé. Ọ̀tọ̀ ni ìbínú, ọ̀tọ̀ ni ọbẹ̀.

A wọ mọ́tò, a kọjá Olódò. Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò ní jà, Ìyá Praise. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wọlé ni màá kó ẹrù mi. Ìyá mi tẹ́ ẹní fún tiwọn. Èmi ò ní tẹ́ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àfi ìgbà tí mo yà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó fi báàgì hàn mí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ti to aṣọ rẹ̀ sí, ìró àti ìborùn, títí kan fìlà funfun tí wọ́n fún wa níjọ́sí. Ilé tí obìnrin ti gbé títí tí irun rẹ̀ fi ń funfun, báàgì kan péré ló máa kó jáde nínú rẹ̀.

Lateef wá béèrè ìbéèrè kan tó bà á jẹ́ pátápátá. Ó ní, "Ìyá Zubaidah, ṣé wàá pẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé?" Kò sí ọkọ tó béèrè irú ìyẹn tí kò ní nǹkan lọ́kàn. Mùsílímátù ní òun á pẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, a jọ wà níbi iṣẹ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Lẹ́yìn náà la kó iná kúrò lábẹ́ agbada, a sì gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ọ̀kadà Elijah wà níwájú ilé. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé yàrá kékeré, èmi àgbà tí orúnkún ń dùn, kọ́tìnì tuntun ń fẹ́ lókè orí wa.

"Rọra gbé e," ohùn Elijah ni. "Má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè ṣẹ́, ó parí nìyẹn."

"Ó mà rẹwà o," Lateef dáhùn.

Mùsílímátù di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Ó yá, gbé e lé ìyálé lórí. Jẹ́jẹ́. Jẹ́ kó jókòó dáadáa."

Mùsílímátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Kí n tó nàró, ó ti yí ilé po, ó ti gba pálọ̀ kọjá, ó sì ti ṣílẹ̀kùn yàrá náà gbayawu. Mo sáré tẹ̀lé e.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba sórí tábìlì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Àpótí irin kan wà níwájú wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wáyà kún inú rẹ̀. Kò sí obìnrin kankan. Èmi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mùsílímátù bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Níbo ló wà?" ó bi Lateef.

"Kí ló wà níbo?"

"Pùrósẹ́sọ̀ tí ẹ gbé wá láti Alakia."

Ojú Lateef yí padà. Ó wo Elijah, ó wo ilẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tánkì."

Lateef jókòó sórí àga tó ń yí náà, ó dà bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ẹran ọbẹ̀. Ó nàka sínú àpótí irin náà. "Òun nìyẹn," ó ní.

Nǹkan onígun mẹ́rin kan ni, ó ń dán, kò tó bisikíìtì kan. Mo wò ó títí. Mo tún lọ wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, torí wọ́n lè máa tàn wá.

Elijah ló là á yé wa. Ó ní bí àwa ṣe ń jẹ́ pùrósẹ́sọ̀, nǹkan yìí náà ń jẹ́ ẹ, òun ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, òun ló ń ṣe gbogbo ìrònú rẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní ọwọ́ mẹ́fà, ibi mẹ́fà ló ní tó fi ń ronú lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ni jíjẹ tí wọ́n ní ó kéré, àwọn irin tíntìntín tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni pátákó tí gbogbo nǹkan jókòó lé nínú àpótí náà, Elijah fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní ìyálé, ó ní nítorí kò sí ohun tó lè ṣiṣẹ́ nínú ilé náà tí kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?" mo bi wọ́n.

"Géèmù ni," Lateef ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Bọ́ọ̀lù. Kí n máa rí nǹkan fi ṣeré bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́sálásí. Ìyẹn ni mi ò ṣe sọ ọ́."

Nígbà tí ohun tí a rò wá yé Elijah, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mùsílímátù kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ pààrọ̀ ìyálé náà?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Rárá o. Ó bá a mu."

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Inú mi dùn fún un, mo sì ti ń rò ó pé kó tètè lọ tú báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí tí Lateef bá panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àṣírí rẹ̀ ti tú, tí wọn ò sì bú u, ẹnu rẹ̀ kì í gbélé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe yan nǹkan náà. Ó bi Elijah, ó bi àwọn tó ń tà á, ó bi àwọn tó ti lò ó. Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ka ohun tí àwọn èèyàn ìlú mìíràn sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa irú ti Alakia àti irú ti Adegbayi. Ó fẹ́ mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè ṣiṣẹ́ pẹ́ tó kó tó rẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ kí Lateef sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ṣí páálí mìíràn, ó yọ fáànù kan jáde, irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ bí eegun ẹja.

"Fáànù rẹ̀ nìyí," ó ní. "Pùrósẹ́sọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi a máa gbóná. Tí èèyàn bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò kọ́kọ́ máa falẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kú." Ó tún mú nǹkan kékeré kan bí ọṣẹ ìfọyín. "Ìpara rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ó fi pa, kí ooru lè máa jáde lára rẹ̀."

"Ẹ tún ra ìpara fún un," Mùsílímátù ní.

"Dandan ni."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ń gbóná? Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Kò lè sọ̀rọ̀," Lateef ní. "Èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa wò ó."

Mùsílímátù ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Lókè rẹ̀ ni àpá iná wà, àwọn èyí tó ti dúdú àti èyí tó ṣì pupa. Ó nà án síwájú ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù náà.

"Bàbá Zubaidah," ó ní, "pùrósẹ́sọ̀ lèmi náà. Mo sì lè sọ̀rọ̀. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sọ ọ́ fún yín."

Elijah bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọnù lórí tábìlì. Mùsílímátù fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, a sì padà síbi iṣẹ́ wa. Ó dáná, ó yan gààrí rẹ̀ tán, kò dárúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a ń túká, mo bi í nípa báàgì. Ó ní ó ṣì wà níbi tó wà.

Lọ́jọ́ Ajé, Lateef yọ sí wa níbi iṣẹ́. Ọkùnrin kì í wá síbẹ̀ àfi ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Fáànù onídùúró ló gbé lọ́wọ́, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, ó sì fa wáyà wá láti ilé ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó tàn án. Ẹ gbà mí o. Gbogbo eérú abẹ́ agbada gbéra nílẹ̀, ó bọ́ sínú gààrí, ó bọ́ sójú wa, èéfín gba inú páànù kan. Àwọn obìnrin ń pariwo, èmi ni mo já wáyà rẹ̀. Nígbà tí eérú balẹ̀, Lateef dúró láàárín wa, ó funfun bí eégún tí kò rí aṣọ wọ̀.

Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Yóò ní òun gbìyànjú, yóò sì lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú yàrá funfun. Mo ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n rí ìgbà tí yóò yí padà.

Kò yí padà. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Mùsílímátù, nínú eérú níbẹ̀.

"Mo bi gbogbo ayé nípa pùrósẹ́sọ̀ tó wà nílé," ó ní. "Mi ò bi ìwọ rí. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Mùsílímátù wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo ìlà orí gààrí rẹ̀ tó bá ti ibi ìrun dé, láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló fi awẹ́ igbá sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i.

"Ibí ló ti bẹ̀rẹ̀," ó ní.